Àwa Tí A Gbálẹ̀ fún Odídẹrẹ́

Ìyá Àríkẹ́, ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé ọkọ mi, ló kọ́kọ́ dá ohùn wọn mọ̀. Èmi rò pé ènìyàn kan ló ń súfèé lórí òkè. A wà nínú oko mi lábẹ́ òkè, mò ń fa ẹ̀gẹ́ tu, ìyá jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí mo dojú rẹ̀ dé, ó ń gé ẹ̀gẹ́ kúrò lára igi rẹ̀. Ohùn náà wá láti inú igbó tó wà láàárín àpáta méjèèjì. Ó súfèé, ó han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó sì tún súfèé.

"Màmá Purity, dúró ná," Ìyá Àríkẹ́ wí. "Má fà á mọ́."

Mo dúró. Ìyá gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́. Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Odídẹrẹ́ nìyẹn," ó ní. "Wọ́n ti padà wá. Mo ti rò pé n kò ní gbọ́ ọ mọ́ títí n ó fi kú."

Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun wá sílé ọkọ, ńṣe ni odídẹrẹ́ máa ń kún ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń sun èédú gé igi lẹ́sẹ̀ òkè, àwọn tó ń kó ẹyẹ tà sì gbé àtè wá. Oje igi tí wọ́n sè títí tó fi le bí gọ́ọ̀mù ni àtè. Wọ́n á fi pa ẹ̀ka igi, ẹyẹ tó bá sì bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni òkè wa fi dákẹ́.

Abẹ́-Òkè ni ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín Lanlate àti Eruwa. Tí a bá fẹ́ fi baálẹ̀ jẹ, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé kan ló ń já ewé akòko, ilé kan ló ń tẹ́ ẹní. Ilé ọkọ mi, ilé Ògúnníyì, ló ń gbé ìkó wá, ìyẹn ìyẹ́ ìrù odídẹrẹ́, tó pupa bí ẹyin iná. Bí wọn kò bá tíì fi ìkó sí fìlà ẹni náà, kò tíì di baálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi baálẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú jẹ, kò sí ẹyẹ lórí òkè mọ́. Bàbá Ògúnníyì, olórí ilé wa, lọ ra ìkó lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Igbó-Ọrà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Akínyẹlé tó jẹ́ olórí ilé kejì gbọ́. Láti ìgbà náà, bí Akínyẹlé bá ti rí Bàbá lójú ọ̀nà, yóò yọ fìlà, yóò tẹrí ba, yóò ní, "Ẹ kú ọjà o." Bàbá á dá a lóhùn, á sì bínú wọlé.

Wàyí o, ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi Tíṣà Zachariah jẹ baálẹ̀, ẹni tó kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Akínyẹlé sì ti sọ fún àwọn àgbà ìlú pé bí ilé wa bá tún gbé ìkó ọjà wá, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà fún ilé tòun. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ náà kò burú.

Ìyá Àríkẹ́ kò lè pa ayọ̀ mọ́ra. Kí a tó ti oko délé, ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó kí wa. Bàbá Ògúnníyì gbọ́, ó sì pe ọkọ mi.

"Bámiṣẹ́, gun òkè lọ, kí o lọ wò ó bóyá òótọ́ ni."

Kò sí ẹni tó mọ igi gùn bí ọkọ mi nínú ilé náà. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ní méjì ni wọ́n, akọ àti abo, inú ihò igi àràbà ni wọ́n ń gbé, òun sì gbọ́ igbe ọmọ nínú ihò náà.

Bàbá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ìkó tiwa, láti orí òkè tiwa. Akínyẹlé á wá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Lọ gba oje, kí o sè é. Kí a tó dé Sátidé, mo fẹ́ ẹyẹ kan lọ́wọ́."

Inú mi bàjẹ́. Nígbà tí mo ń bu oúnjẹ fún ọkọ mi, mo bi í pé, "Bí ẹ bá mú ìyá ẹyẹ, ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ tó wà nínú ihò?"

"Àṣẹ Bàbá ni."

"Mo mọ̀. Mo bi yín ni."

"Ṣé kí n lọ sọ fún Bàbá pé ìyàwó mi ń ṣàánú ẹyẹ ni? Wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e fún ọ." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ ju òkèlè mélòó kan lọ. Òun náà ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà.

Tíṣà Zachariah ló ránṣẹ́ pe Aliyyah. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó wá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́ ní Ìbàdàn. Ọkadà gbé e wá láti Lanlate, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà lókèèrè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo mú un gun òkè. Ó gbé awò sójú, ó sì rí wọn. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, ó sì ń wò wọ́n lọ.

Nígbà tí a padà, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Ògúnníyì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹyẹ yìí ti ń parẹ́ láyé. Wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ńlá, òfin sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má mú un."

"Ṣé àwọn méjì orí òkè wa ló kù láyé ni?"

"Rárá, Bàbá. Àmọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá yìí, èmi kò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń yé ẹyin. Bí ẹ bá mú ọ̀kan, èkejì lè má rí ẹnìkejì mọ́. Àwọn ọmọ á kú sínú ihò. Àti bí wọ́n á tún ṣe padà wá, n kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣé ìkó wà ní ọ́fíìsì yín tí ẹ lè fún mi?"

"Kò sí, sà."

"Ó dáa. Òfin yín ti sọ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Kò tíì sọ ohun tí n ó gbé síwájú baálẹ̀ ní Sátidé."

Aliyyah kò bá a jiyàn. Kò halẹ̀, kò pe ọlọ́pàá. Ó kàn béèrè bóyá òun lè sùn sí ìlú wa títí Sátidé yóò fi kọjá. Ìyá Àríkẹ́ ní kó wá sùn sí yàrá òun, ṣùgbọ́n pé òun máa ń han orun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo àwa ìyàwó ilé péjọ lábẹ́ ìbòòji láti múra oríkì sílẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá ń gbé ìkó lọ, àwa ni a máa ń kí ilé náà ní oríkì lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ ilé kì í mọ̀ ọ́n tán. Ìyàwó ló ń kọ́ ìyàwó. Ìyá Àríkẹ́ ló ń dá a, àwa ń gbè é, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ń bẹ ẹ̀gẹ́. Aliyyah náà ń bẹ tirẹ̀, ó ń gé èyí tó pọ̀ mọ́ èèpo, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Àríkẹ́ dé ibi kan:

"Ọmọ agbálẹ̀ abẹ́ igi bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé,
Ọmọ adúró-de-ẹyẹ láìmú okùn dání,
Ẹyẹ bọ́ aṣọ pupa sílẹ̀,
Ó ní kí ẹ máa mú un lọ sílé."

Àìmọye ìgbà ni mo ti gbè é. Mo ti gbè é níbi ìgbéyàwó, mo ti gbè é níbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, ta ló ń gbá ilẹ̀ abẹ́ igi?"

"Igi wo?"

"Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè nínú oríkì."

"Báyìí ni ìyálé mi ṣe kọ́ mi. Mo rò pé wọ́n kàn ń fi yìn wọ́n ni."

Àìṣát, ìyàwó tó kéré jù nínú wa, bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ọkùnrin ilé yìí ni ọmọ agbálẹ̀? Àwọn tí kò lè gbá ẹnu ọ̀nà ara wọn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán díẹ̀díẹ̀, a sì ń wo ara wa.

"Ó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló ń gbá a nìyẹn," Ìyá Àríkẹ́ wí.

Aliyyah ti gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹyẹ a máa pààrọ̀ ìyẹ́," ó ní. "Èyí tó ti gbó á jábọ́, òmíràn á hù. Ìyẹ́ ìrù náà ń jábọ́."

Ọ̀rọ̀ wá yé wa. Ilé ọdẹ ni ilé wa, orúkọ ọdẹ sì ti bo iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan nínú ilé náà gbọ́ pé ilé òun ló ń mú ìkó wá, ó ti ní láti rò pé ọdẹ ni wọ́n ń fi ṣe é, ó sì gbé àtè. Àwọn tó tẹ̀lé e ṣe bí ó ti ṣe. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa láti ọjọ́ yìí, a ń fi jó.

A dìde, gbogbo wa, a lọ bá Bàbá Ògúnníyì. Ọmọdé ni Bàbá nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Àríkẹ́ wọlé, nítorí náà Ìyá kì í pe orúkọ rẹ̀. Akúrúyẹjó ló ń pè é, orúkọ tó fún un nígbà náà.

"Akúrúyẹjó, ọkọ mi," ó ní, "ẹ fi àtè sílẹ̀. Ọwọ̀ ni wọ́n fi ń mú odídẹrẹ́ ní ilé yìí."

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. "Ẹ fẹ́ kí n fi orin dúró níwájú ìlú?"

"Oríkì bàbá yín ni ẹ ń pè ní orin?"

"N kò pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín ní oríkì náà? Èmi ni. Nígbà tí ẹ bá ń sunkún, tí ẹ kò fẹ́ jẹun, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń gbé yín lé, oríkì náà ni mo sì máa ń fi rẹ̀ yín lẹ́kún. Ṣé mo purọ́ fún yín nígbà náà?"

Ọkọ mi yíjú sí ògiri kí Bàbá má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀ títí.

"Àárọ̀ Jímọ̀," ó ní níkẹyìn. "Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Jímọ̀ tí kò sí ìkó, Bámiṣẹ́ á gun igi."

A gbé ọwọ̀, a gbé àdá, a gun òkè. Igbó ti bo ẹsẹ̀ àràbà náà. A ṣán an, a gbá a títí ilẹ̀ fi mọ́ bí àgbàlá. Akínyẹlé gbọ́, gbogbo ìlú sì gbọ́. Sàrátù, ìyàwó rẹ̀, pàdé wa lódò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyàwó ẹyẹ. Ṣé ẹyẹ ti san owó orí yín?"

"Ó ti san án," Ìyá Àríkẹ́ dáhùn. "Ó tún ń wá ẹnìkan kún wa. Mo ti júwe ilé yín fún un."

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo yẹ̀yẹ́, a kò rí ìkó. A rí èèpo ẹyìn tí wọ́n jẹ kù. A rí ìyẹ́ kéékèèké, aláwọ̀ eérú. Pupa kò sí níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo délé, àtè ń hó lórí iná, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ọkọ mi ń rò ó, kò wojú mi.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, èmi àti Aliyyah àti Ìyá Àríkẹ́ ti dé orí òkè kí oòrùn tó là dáadáa. Ìyá ní bí òun kò bá tilẹ̀ rí i, òun á gbọ́ ọ. Aliyyah gbé awò lé mi lọ́rùn.

"Ẹ bá mi wò ó, Màmá Purity. Ojú mi ti rẹ̀."

Mo wò ó. Akọ ẹyẹ náà yọ orí láti inú ihò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fò jáde. N kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Kò dúró lórí àràbà rárá. Ó fò kọjá sí òdì kejì, ó lọ bà lé ẹ̀ka gbígbẹ kan tó yọ sórí àpáta, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti kọ́kọ́ ń kàn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tún ara rẹ̀ ṣe. Mo sọ ohun tí mo rí fún Ìyá Àríkẹ́.

"Èèmọ̀," Ìyá wí. "Yàrá tí wọ́n ń sùn ni a ti ń gbá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń bọ́ aṣọ."

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí Bàbá Ògúnníyì fi dé, ọkọ mi tẹ̀lé e pẹ̀lú igbà tó fi ń gun igi àti ìkòkò àtè. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé orí àpáta yẹn ná. Bí kò bá sí níbẹ̀, n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá wo ọkọ mi. Ọkọ mi gbé ìkòkò náà sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká débẹ̀, Bàbá," ó ní. "Igi kò lọ síbì kan."

Àpáta náà tẹ́jú, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí ibi kan tó là bí ẹnu. Ewé gbígbẹ ti kún inú rẹ̀. Mo ki ọwọ̀ bọ̀ ọ́, mo ń gbá ewé náà jáde. Ohun pupa kan yọ láàárín ewé. Aliyyah fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbé e sókè, lẹ́yìn náà mo rí òmíràn, mo tún rí òmíràn.

Bàbá gbà wọ́n, ó wò wọ́n nínú oòrùn. Kòkòrò ti jẹ etí wọn, àwọ̀ wọn sì ti ń ṣá.

"Òótọ́ ni oríkì," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti gbó. Ìkó tí kòkòrò ti jẹ kì í gun fìlà baálẹ̀. Akínyẹlé á ní ìdí ọjà ni mo ti ṣà á."

Ìgbà náà ni ẹyẹ náà, tó ti fò sá nígbà tí a dé, tún padà wá sórí ẹ̀ka rẹ̀. A dúró bí igi. Ó wò wá pẹ̀lú ojú kan, ó fi ojú kejì wò wá. Nígbà tó rí i pé a kò mira, ó ki ẹnu bọ abẹ́ apá, ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó fa ìyẹ́ ìrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí obìnrin tí ń ya irun. Ó gbọn ara.

Ìyẹ́ pupa kan já. Ó ń yí bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ igbó, atẹ́gùn dá a padà, ó sì bà sórí àpáta, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ Bàbá Ògúnníyì.

Bàbá ṣí fìlà. Ọdẹ àgbà náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìyẹ́ náà, kò sì tètè dìde. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ọkọ mi ló kọjú sí.

"Bámiṣẹ́, gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí o da àtè yẹn sí i, kí o sì bò ó dáadáa. Má dà á síbi tí ẹyẹ lè tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá Àríkẹ́ ń bi mí, ó ń fa aṣọ mi. "Kí ni ẹ rí?"

"Ìyá, ó ti bọ́ aṣọ."

Obìnrin kò gbé igbá ìkó rí ní Abẹ́-Òkè, bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé, Bàbá Ògúnníyì gbé igbá náà lé Ìyá Àríkẹ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú, ó ní kó máa lọ níwájú, òun á tẹ̀lé e. Èmi ni mo di apá Ìyá mú kó má baà fẹsẹ̀ kọ. Àwa obìnrin ilé ń kí oríkì náà, a ń pe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Akínyẹlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà. Ó yọ fìlà. "Ẹ kú ọjà o, Bàbá."

"A kò dé ọjà o," Bàbá dáhùn. "Onílé ló fún wa lẹ́bùn. Wá wò ó."

Akínyẹlé wò ó. Ọdẹ ni òun náà. Ó yí ìdí ìyẹ́ náà padà, ó rí i pé ó gbẹ, ó dán, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ bí ti èyí tí wọ́n fi agbára fà. Ó mọ ohun tó ń wò. Ó gbé e padà sínú igbá pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó sì ní, "Ẹ kú orí ire." Kò tún fi ọjà kí Bàbá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n fi ìkó sí fìlà Tíṣà Zachariah, ariwo ayọ̀ sì gba ìlú. Nígbà tó di pé kí baálẹ̀ tuntun sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó dìde, ó wo òkè.

"Igbó tó wà láàárín àpáta méjèèjì," ó ní, "láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sun èédú níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé àtè débẹ̀. Ilé Ògúnníyì ni mo fi ṣọ́ ọ. Ilé Akínyẹlé ni yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Akínyẹlé náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Àwọn ọmọ ẹyẹ náà yọ jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an. Mẹ́ta ni wọ́n. Aliyyah wá láti Ìbàdàn nítorí wọn, ó sì kọ orúkọ ìlú wa mọ́ àwọn ibi tí odídẹrẹ́ ṣì ti ń pọ̀ sí i. Ó ní orúkọ irú ibẹ̀ kò pọ̀.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, ọkùnrin kan gun ọkadà wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ti gbọ́ ìròyìn. Ó rí Bàbá Ògúnníyì lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tó máa ń jókòó sí báyìí pẹ̀lú ìbọn lórí itan, ó sì rí àwa obìnrin tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta.

"Bàbá, mò ń wá ìkó," ó ní. "Ẹ sọ iye tí ẹ bá fẹ́."

"A kì í tà á."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ẹyẹ náà fúnra mi, nígbà náà. Ohun èlò mi wà lẹ́yìn ọkadà yìí."

Bàbá wo ohun èlò náà, ó wo ọkùnrin náà. Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé ọwọ̀ mi fún un, ó sì nà án sí àjèjì náà.

"Ohun èlò tiwa nìyí," ó ní. "Bí ó bá wù ọ́, gun àpáta yẹn lọ, kí o máa gbálẹ̀. Àwọn ìyàwó wa á kọ́ ọ. Ìkó tí o bá rí, ti baálẹ̀ ni. Omi tútù ni a ó fún ìwọ."

Ọkùnrin náà wo bí àpáta náà ti ga tó. Lẹ́yìn náà ó yí ọkadà rẹ̀ padà sójú ọ̀nà Eruwa, ó sì ń lọ.